Bẹ́ ẹ ṣe lè ka ìtàn ilé tó dàrú títí tó fi máa yà yín lẹ́nu

Tẹ́lẹ̀, èmi kì í ka ìtàn ilé tó dàrú rárá. Tí ẹnì kan bá ti ní ìwé kan wà tó dáa, ó dá lórí ọkọ àtìyàwó kan tí wọn ò rọ́mọ bí, wọ́n wá fẹ́ ìyàwó kejì lé e, ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń sọ pé ẹ ṣé, mo ti gbọ́. Kí ló tún kù? Ṣebí a ti wò ó nínú fíìmù láìmọye ìgbà, ìyá ọkọ á máa pariwo, ìyàwó kékeré á gba ilé babaláwo lọ, ìyálé á máa sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tó bá yá wòlíì kan á gbàdúrà, gbogbo ẹ̀ á sì parí. Àti pé ilé ìyàwó méjì ni wọ́n bí èmi gan-an sí, èyí tí mo fojú ara mi rí ní kékeré ti tó mi, mi ò wá ẹni tó máa tún un sọ fún mi lédè òyìnbó.

Ìwé tó wá yí mi lérò padà ni Stay With Me tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ọdún 2017 ló jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi, mo sì gbé e sábẹ́ tábìlì tí mo máa ń kó aṣọ tí mi ò tíì lọ̀ sí, ó tó oṣù mẹ́jọ tó fi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo máa ṣí i, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, fóònù mi ti kú, òjò sì ń rọ̀ débi téèyàn ò lè jáde. Mo ní kí n kàn fi wá oorun. Mo jókòó sójú fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ìgbà tí mo máa mọ̀, mi ò rí lẹ́tà inú ìwé mọ́, ilẹ̀ ti ṣú, òjò ti dá tipẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó dá. Mo wá tọ́ọ̀ṣì, mo tan án, mo ń bá a lọ. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, inú mi sì dùn bíi tẹni tó rí owó nínú àpò aṣọ tó ti pẹ́ tí ò wọ̀.

Látìgbà yẹn, mo ti yá èèyàn bíi mẹ́fà níwèé yẹn. Àwọn kan kà á tán lọ́jọ́ méjì, wọ́n ń pè mí láàárín òru. Àwọn kan dá a padà lójú ìwé ogún, wọ́n ní àwọn ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn tó dá a padà yìí ni mo torí ẹ̀ kọ èyí, torí ìwé yẹn ò ṣẹ̀ wọ́n, bí wọ́n ṣe gbé e ni ò dáa, bí èmi náà ì bá sì ṣe gbé e nìyẹn ká ní fóònù mi ò kú lọ́jọ́ yẹn. Stay With Me ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ lè lò ó fún ìtàn ìdílé èyíkéyìí. Mi ò ní tú àṣírí inú ẹ̀ fún yín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni bó ṣe parí

Ẹ má ka ẹ̀yìn ìwé, ẹ má lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ti kà á jókòó tì yín. Àṣírí ló ń gbé ìtàn ilé rìn. Ohun kan wà tí ẹnì kan nínú ilé yẹn mọ̀ tí ẹnì kejì ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n kí àsìkò ẹ̀ tó tó. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún yín, ó ti di òfófó lásán nìyẹn.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀ ò ju èyí lọ: Yéjídé àti Akin pàdé nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀, Iléṣà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti fẹ́ra wọn fún ọdún mẹ́rin, ọmọ ò tíì dé, làwọn ẹbí bá mú ìyàwó mìíì wá. Ìyẹn ò tú àṣírí kankan, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi yẹn ti pa ìwé dé, wọ́n rò pé ìtàn náà nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni o, wọn ò tíì wọlé.

Ẹ jókòó tì í dáadáa lẹ́ẹ̀kan

Ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2008, obìnrin kan ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó ń bá ẹnì kan tí ò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ń bá wí, wọ́n ti gbé yín padà sí Iléṣà ní 1985. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọnù, pàápàá ẹni tó ń ka ojú ìwé méjì nínú bọ́ọ̀sì tó tún wá ka mẹ́ta lálẹ́ kó tó sùn. Ẹ wá wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín, ẹ ka bí orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀. Ẹ máa wo ìlú àti ọdún tí wọ́n kọ síbi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí Yéjídé nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́, Akin náà ń sọ tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tún fi sọ́kàn pé Nàìjíríà ayé ìgbà yẹn ni. Iléṣà ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1985, ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọdún 1985 yẹn kan náà, ní 27 August, ni Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Buhari. Èmi kọ́kọ́ ń rò ó pé ìwé tó dá lórí ọmọ àti ọkọ, kí ni ti ṣọ́jà níbẹ̀? Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi táwọn adigunjalè ti kọ lẹ́tà sáwọn ará àdúgbò pé àwọn ń bọ̀, mo pe bàbá mi lọ́jọ́ kejì, mo bi wọ́n pé ṣé lóòótọ́ ni nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọ́n kọ irú lẹ́tà yẹn sí àdúgbò tiwa náà, pé gbogbo ọkùnrin ń sùn síta pẹ̀lú àdá fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn olè yẹn ò sì wá. Ẹ ò rí i, ìbẹ̀rù tó wà níta àti ìbẹ̀rù tó wà nínú ilé, pọ̀ ni wọ́n jọ ń rìn nínú ìwé yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti gbọ́njú ní 1985, ẹ bi wọ́n, ó máa jẹ́ kó túbọ̀ yé yín.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ará ilé sórí pépà

Pépà kan ti tó, ẹ fi há inú ìwé. Ẹ kọ Yéjídé, Akin, Dòtun tó jẹ́ àbúrò Akin, Moomi tó jẹ́ ìyá wọn, Bàbá Lọlá tó jẹ́ ẹbí Akin, Ìyá Martha, àti Fúnmi ìyàwó tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí Yéjídé ń pe onítọ̀hún, kì í ṣe ohun tí onítọ̀hún jẹ́ sí i.

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti ń jèrè ju òyìnbó tó ń ka ìwé yẹn lọ. Òyìnbó á rí i pé Yéjídé ní ìyá mélòó kan, á máa ṣírò. Àwa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìyàwó bàbá ẹ̀ ni wọ́n, a sì mọ̀ pé ìyá mi àti ìyá tó bí mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìyá tó bí Yéjídé kú síbi tó ti bí i. Àárín àwọn ìyàwó bàbá ẹ̀ ló dàgbà sí, ó ń pè wọ́n ní ìyá, kò sì sí èyí tó mú un lọ́mọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Martha yẹn o, òun náà ló wá jókòó sílé ẹ̀ láti bá wọn mú ìyàwó lé e.

Ó dáa, ẹ wá wo ìyá ọkọ ẹ̀. Moomi ló ń pè é. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, Moomi. Orúkọ tí ọmọ ń pe ẹni tó gbé e pọ̀n ni. Nígbà tí mo kọ ọ́ sórí pépà tí mo wò ó, ó ṣe mí bákan, mo wá rí i pé ọmọ òrukàn yìí rò pé òun ti rí ìyá, pé ìyá yẹn wà lára ohun tó bá ọkọ gbà. Torí náà, ohunkóhun tí Moomi bá ṣe sí i, ìlọ́po méjì ló máa ń dùn ún. Nínú àwọn fíìmù tí mo ń wò, ìyá ọkọ ti ń ṣìkà látìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nígbà tó bá tún ṣìkà sí i. Níbí, nǹkan wà tó dáa tẹ́lẹ̀ tó wá bàjẹ́ lójú wa, ìyẹn ló sì ń mú kéèyàn máa ṣí i lọ.

Ẹ tẹ̀ lé wọn dé kíṣìnì

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Nínú ilé Yorùbá, ẹni tínú ń bí kì í fìgbà gbogbo fẹnu sọ ọ́. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, tó sì jẹ́ àgbà ló ṣẹ̀ ẹ́, á kúnlẹ̀ ni, á ní ẹ má bínú, á wá dìde lọ sí kíṣìnì. Ẹ tẹ̀ lé e lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n mú Fúnmi wá, Bàbá Lọlá àti Ìyá Martha jókòó sí páálọ̀ Yéjídé, wọ́n ń ṣàlàyé fún un pé ìyàwó tuntun nìyí, pé ọmọ ló ń pe ọmọ wá sáyé, bóyá nítorí tìyàwó yìí Ọlọ́run á dá òun náà lóhùn. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé yóò pariwo títí, wọ́n á máa dì í mú. Oúnjẹ ni obìnrin yìí lọ bù fún wọn. Iyán ni, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Gbẹ̀gìrì kan wà nílẹ̀ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, tó ti fẹ́ dà nù, ó pò ó mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè lọ́jọ́ yẹn, ó gbé e síwájú wọn, ó wá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀, ẹ má sáré kọjá. Ó mọ̀ pé wọ́n máa tọ́ ọ wò pé ó ti ń kan. Ó tún mọ̀ pé ojú ń tì wọ́n nínú, pé pẹ̀lú ohun tí wọ́n wá ṣe nílé ẹ̀, ta ni nínú wọn ló máa láyà láti sọ pé ọbẹ̀ ẹ ò dáa? Wọ́n ń jẹ ẹ̀bi ara wọn níbẹ̀. Òun sì wà lórí ìkúnlẹ̀, tó jẹ́ pé tẹ́nì kan bá gba ojú fèrèsé wò wọ́n, á ní ìyàwó yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o. Kò sí ariwo, kò sí oògùn, kò sí wòlíì, ìkòkò ọbẹ̀ kan péré.

Mo gbé ìwé yẹn lé àyà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nígbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Mo rántí ọjọ́ kan nílé wa. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Ìyàwó kékeré bàbá mi, Àǹtí là ń pè é, ló se ẹ̀fọ́ fún àwọn àlejò bàbá mi tó wá láti Èkó, iyọ̀ wá pọ̀ nínú ẹ̀ débi pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn ò lè gbé e mì, ó rọra tú u sọ́wọ́. Àǹtí ń búra pé iyọ̀ tí òun fi sí i ò tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Bàbá mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwa ọmọ náà sì ń pè é ní Ìyá Oníyọ̀ lẹ́yìn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò lọ́kàn mi, àfi ìgbà tí gbẹ̀gìrì Yéjídé gbé e padà wá.

Torí náà, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti jẹun nínú irú ìwé báyìí. Ta ló sè é? Ta ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún? Ta ló ní òun ti yó nígbà tí ẹ mọ̀ pé ebi ń pa á? Èmi ti ṣe é fún ìwé mẹ́rin báyìí, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí oúnjẹ ò purọ́ fún mi rí, ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló máa ń purọ́.

Ẹ dá a padà sí Yorùbá lẹ́nu yín

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ló wà nídìí ẹ̀. Tí Moomi bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ pa ìwé dé díẹ̀, ẹ sọ ohun tó sọ yẹn lédè wa, bí màmá yín ṣe máa sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, ohùn wọn gan-an ni mo fún Moomi, látìgbà tí mo sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè kórìíra Moomi mọ́, inú ẹ̀ lè bí mi, àmọ́ mo mọ ìdí tó fi ń sọ ohun tó ń sọ.

Àwọn orúkọ náà ńkọ́? Ẹ má fojú fo orúkọ ọmọ kankan nínú ìwé Yorùbá. Àkọlé ìwé yẹn, téèyàn bá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, á dà bí ohun tí olólùfẹ́ ń sọ fún olólùfẹ́. Ẹ tú u sí Yorùbá, ẹ wò ó: Dúró tì mí. Rótìmí nìyẹn. Orúkọ àbíkú ni, bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́, Bánjókòó, àwọn orúkọ tí òbí fi ń bẹ ọmọ kó má padà. Rótìmí kan wà nínú ìwé yẹn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo padà lọ wo iwájú ìwé, mo ń wo àkọlé yẹn bí ẹni tí ò rí i rí. Ta ló ń bẹ ta ni? Ṣé ìyá ló ń bẹ ọmọ ni, àbí ọkọ ló ń bẹ ìyàwó, àbí ọmọ ló ń bẹ ìyá? Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn pépà yín, ẹ máa dáhùn ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Tèmi yí padà tó ìgbà mẹ́ta.

Ìtàn Olúróm̀bí náà wà níbẹ̀, obìnrin tó fi ọmọ ẹ̀ jẹ̀jẹ́ fún ìrókò. Ẹ fi bí wọ́n ṣe pa á fún yín nílé wé bí Yéjídé ṣe ń pa á. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má tètè dájọ́

Ohun tí mo ṣe nìyí, mo sì rò pé kí ẹ̀yin náà ṣe é. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pa ìwé yẹn dé, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tínú mi ń bí sí lọ́jọ́ yẹn sórí pépà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Lọlá àti Ìyá Martha ni. Lẹ́yìn náà ó di Moomi. Lẹ́yìn náà Fúnmi, èyí tó tì mí lójú nígbà tó yá. Lẹ́yìn náà Akin, mo bínú sí Akin débi pé mo fi pẹ́ńsù lu pépà. Ó wá kan Yéjídé fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo fi kà á tán, mo wo orúkọ yẹn látòkè délẹ̀, kò sí ọ̀kan tí mo lè fi sílẹ̀ kó dá jẹ̀bi. Ohun tó yàtọ̀ nínú ìwé yìí nìyẹn. Nínú fíìmù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń fi ìkà hàn wá, a máa wá jókòó dè é kí ìyà jẹ ẹ́. Níbí, ẹni tó ṣe ohun tó burú jù, ẹ̀rù ló bà á, ó fẹ́ bo ìtìjú ẹ̀ mọ́lẹ̀, bíbò tó ń bò ó ni gbogbo ilé wá dàrú.

Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé èèyàn méjì ń sọ nǹkan kan náà, bíi Yéjídé àti Akin, ẹ gbé e síra wọn. Ẹ má wo ohun tí wọ́n sọ nìkan, ẹ wo ohun tí ẹnì kan sọ tẹ́nì kejì fò. Akin máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó dà bí ẹni tó ní làákàyè, ó ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan létòlétò. Ẹ ṣọ́ ibi tó bá ti yára jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pàdánù ọmọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á lóru lẹ́yin nìkan. Ìwé tó dùn ni, àmọ́ ó ń dunni. Ọ̀rọ̀ oyún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù náà wà níbẹ̀. Ó dáa kẹ́ ẹ ti mọ èyí kẹ́ ẹ tó débẹ̀: tí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ tó jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn sickle cell. Kì í ṣe pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa rí bẹ́ẹ̀ o. Oyún kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó lè jẹ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn, ó sì lè má sí ìkankan. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ló fẹ́ra wọn láìmọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n sì pè ní àbíkú, àìsàn yìí ló pa wọ́n. Tó bá wúwo jù fún yín, ẹ pa á dé fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní sá lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín kó tó dùn yín, ẹ fi The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lola Shoneyin kọ ní 2010 bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ọkọ kan, ìyàwó mẹ́rin, ẹni tó ṣìkẹrin lọ sí yunifásítì, àwọn ìyàwó yẹn sì ń sọ tẹnu wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n kan náà ni kẹ́ ẹ lò, pépà, pẹ́ńsù, oúnjẹ. Pàápàá oúnjẹ.

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀

Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, mo wá ń sọ ìwé yẹn fún wọn bí àlọ́, lálaalẹ́ nígbà tí mo lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ má sáré, ẹ sọ orí kan lóòjọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá sí i. Màmá mi ò gbè sẹ́yìn Yéjídé bí mo ṣe rò. Moomi ni wọ́n gbè sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní, “Kí lo fẹ́ kó ṣe? Àkọ́bí ẹ̀ ni, kó máa wò ó kó darúgbó láìrọ́mọ?” A jọ jiyàn títí a fi sùn. Wọ́n tún bi mí pé ṣé Fúnmi ní ìyá, pé kí ló dé tí ìwé yẹn ò sọ ẹni tó ń bá Fúnmi sunkún. Èmi tí mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ronú kan ìyẹn rí.

Alẹ́ kejì ni mo sọ ti gbẹ̀gìrì fún wọn. Mo ṣe é dáadáa, mo kúnlẹ̀ bíi Yéjídé, mo ṣe ojú Ìyá Martha bó ṣe ń gbé òkèlè mì. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń yí etí ìró wọn pọ̀ mọ́ ìka, wọ́n ń tú u, wọ́n ń yí i pọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé oorun ń kùn wọ́n ni.

Wọ́n ní, “Ẹ̀fọ́ Àǹtí yín ọjọ́ yẹn, tí iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀.”

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo wọ kíṣìnì.”

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. A jókòó síbẹ̀, a ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún ìró wọn so, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ní kí n máa bá a lọ, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó yẹn nígbà táwọn àlejò jẹun tán.